Adójútòfò ìlera ti di dandan, ṣùgbọ́n ọkàn aráàlú kò tíì balẹ̀ sí i

Nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 ni Akọ̀wé Ìjọba Àpapọ̀, Sẹ́nétọ̀ George Akume, kéde fún gbogbo ilé-iṣẹ́ ìjọba pé Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti pàṣẹ pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú òfin adójútòfò ìlera. Gẹ́gẹ́ bí àṣẹ náà ṣe wí, ilé-iṣẹ́ aládàáni tó bá fẹ́ gba iṣẹ́ àgbàṣe tàbí ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ìwé ẹ̀rí hàn pé òun ti fi orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ òun sílẹ̀ nínú ètò náà. Àṣẹ yìí ló tún gbé ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbàgbé padà síta. Inú àwọn kan ń dùn pé ìjọba ṣe é. Àwọn mìíràn ń bínú. Àwọn tó pọ̀ jù, inú wọn ń dùn, wọ́n sì tún ń bínú lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kò sì ṣe àṣejù.

Òfin ọ̀hún fúnra rẹ̀ kì í ṣe tuntun. Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Karùn-ún ọdún 2022 ni olóògbé Muhammadu Buhari, tó jẹ́ ààrẹ nígbà náà, buwọ́ lù ú. Òfin yìí ló sọ àjọ NHIS àtijọ́ di NHIA, òun náà ló sì sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, àti àlejò tó ń gbé níbẹ̀ lábẹ́ òfin, láti ní adójútòfò ìlera. Kó tó di ìgbà náà, ẹni tó bá wù ló ń ṣe é. Ọdún 2005 ni Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ṣí ètò NHIS, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló sì kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn ogún ọdún gbáko, nǹkan bí 20 mílíọ̀nù èèyàn ló wà nínú gbogbo ètò adójútòfò ìlera pọ̀, nínú orílẹ̀-èdè tí èrò inú rẹ̀ lé ní 200 mílíọ̀nù. Bí wọ́n bá to èèyàn mẹ́wàá sójú kan, agbára káká ni ẹnì kan nínú wọn yóò fi ní káàdì rẹ̀ lọ́wọ́.

Àwọn mẹ́sàn-án tó kù ń kó owó jáde nínú àpò ara wọn. Ó lé ní 70 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó tí wọ́n ń ná sórí ìlera ní Nàìjíríà tó jẹ́ pé aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ ló ń san án níbi tí wọ́n ti ń gba ìtọ́jú. Kò sí ìletò kan tí kò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ìyàwó ilé wọ iṣẹ́ abẹ láti gbẹ̀bí, ọkọ rẹ̀ fi oko kòkó yáwó. Bàbá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì ń dá oògùn oṣù kan sí méjì, kó lè tó o fún oṣù méjì. Òfin ti ọdún 2014 lórí ìlera sọ pé ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ lé ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ pàjáwìrì padà, síbẹ̀ ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn ni pé kí wọ́n lọ san owó ìdúró. Nítorí náà, àwọn tó ní kí adójútòfò di dandan kò wí ohun tí kò bọ́gbọ́n mu. Àfi kí wọ́n yẹ ibi tí bàtà ti ń ta àwọn èèyàn lẹ́sẹ̀ wò.

Bí àjọ ni àwọn olùpolongo ètò náà máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ará ọjà, ó sì jọ pé àfiwé yìí ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹni tó bá ń dájọ mọ̀ pé alájọ yóò yọ ti ọjọ́ kan, yóò sì kó ìyókù fún òun bí oṣù bá parí. Nínú èésú, ẹni tó kó lóṣù yìí kò ní kó lóṣù tó ń bọ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tí kò ní kàn. Adójútòfò kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣàìsàn látìbẹ̀rẹ̀ ọdún dópin kò ní rí kọ́bọ̀ gbà padà, nítorí pé owó rẹ̀ ti lọ sórí ẹni tó ṣàìsàn. Ìyá alátà tó ti san owó ọdún kan, tí kò lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí wọ́n wá ní kó tún mú owó wá, yóò ní wọ́n ti jẹ owó òun.

Ohun tí adójútòfò fi jọ jù ni owó tí ọmọ ẹgbẹ́ máa ń dá fún ẹni tí òfò ṣẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń gbàdúrà kí ìyẹn kan òun. Gbogbo wọn ń dá a, wọ́n sì mọ̀ pé bó bá kan àwọn náà, ẹgbẹ́ yóò dìde. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mọ ilé akápò wọn, wọ́n sì lè bi í léèrè ní ìpàdé. Owó adójútòfò ń gba ọwọ́ àjọ ìjọba, ó ń gba ọwọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ alágbàtà tí wọ́n ń pè ní HMO, kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ẹni tó wà ní abúlé kò mọ ojú ẹnì kankan nínú wọn.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ló ti pẹ́ jù nínú rẹ̀, ẹnu wọn ló sì yẹ kí èèyàn ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀. Ìlànà tí NHIS bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ni pé kí agbanisíṣẹ́ san ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó oṣù gangan, láìka àwọn àlékún, kí òṣìṣẹ́ sì san ìdá márùn-ún. Òṣìṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ gangan bá jẹ́ 60,000 náírà yóò san 3,000 lóṣù, agbanisíṣẹ́ rẹ̀ yóò sì fi 6,000 kún un. Owó yìí wà fún òṣìṣẹ́ náà, ọkọ tàbí aya rẹ̀ kan, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún.

Ìyá rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ náà kò sí níbẹ̀. Ọmọ karùn-ún kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó kejì. Lóòótọ́, àyè wà láti fi ẹlòmíràn kún un bí òṣìṣẹ́ bá san owó mìíràn lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú owó tí wọ́n ń yọ lóṣooṣù nìyẹn. Ó jọ pé ẹni tó jókòó ṣe ìṣirò náà kò ka ilé Yorùbá mọ́ ilé tó ń ṣe ìṣirò fún. Olùkọ́ kan ní Ìlá tàbí ní Ìkárẹ́ lè lọ́mọ méjì péré, tí ara wọn le koko, kó sì jẹ́ ìyá rẹ̀ tó ní ìtọ̀ ṣúgà ni owó rẹ̀ ń bá lọ lóṣooṣù. Wọ́n ń yọ owó adójútòfò nínú owó oṣù rẹ̀, ó sì tún ń fi èyí tó kù ra oògùn ìyá rẹ̀. Bí irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ bá ní òun kò rí àǹfààní rẹ̀, irọ́ kọ́ ló pa.

Ẹjọ́ kejì tí àwọn òṣìṣẹ́ ń rò ni ti oògùn. Ìlànà ètò náà ni pé kí aláìsàn san ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oògùn, kí adójútòfò gbé ìyókù. Àmọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ ń bá pàdé lójú fèrèsé ilé oògùn ni pé oògùn ti tán, kí wọ́n lọ rà á níta. Bó bá ti di ti ìta, gbogbo owó ni wọn yóò san. Àwọn kan tilẹ̀ ní bí àwọn bá ti yọ káàdì jáde ni ojú nọ́ọ̀sì ń yí padà, ẹni tó mú owó lọ́wọ́ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá lóhùn.

Èyí kò ṣẹ̀yìn bí wọ́n ṣe ń sanwó fún ilé ìwòsàn. Fún ìtọ́jú kéékèèké, iye kan wà tí wọ́n ń san fún ilé ìwòsàn lóṣooṣù lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, yálà onítọ̀hún wá tàbí kò wá. Fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá, 750 náírà ni iye náà. Láàárín ọdún wọ̀nyí ni náírà já wálẹ̀, pàápàá láti oṣù Kẹfà ọdún 2023. Ọdún 2023 yìí kan náà ni GSK, ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń ta oògùn, kéde pé òun ń kúrò ní Nàìjíríà, tí oògùn ikọ́ fée àti àwọn oògùn apakòkòrò bẹ̀rẹ̀ sí í gbówó lórí kọjá àfẹnusọ. Ilé ìwòsàn tí wọ́n ń fún ní 750 náírà lóṣù lórí èèyàn kan yóò máa gbàdúrà kí onítọ̀hún má wá ni. Bó bá sì wá, wọn yóò fún un ní oògùn ibà àti ti orí fífọ́, wọn yóò ní kó máa lọ. Nínú ọdún 2025 ni àjọ NHIA tó sọ ọ́ di 1,450 náírà. Ó pẹ́ kó tó dé, ó sì dára pé ó dé. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n fi kún ti ilé ìwòsàn yóò ti ibì kan wá, àwọn tó ń san owó adójútòfò sì ti ń wojú ara wọn.

Ti àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké tún yàtọ̀. Òfin 2022 kan gbogbo agbanisíṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún sókè. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kékeré, ilé búrẹ́dì, ilé ìtẹ̀wé, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Ọ̀gá tó ń sá kiri láti rí owó oṣù san lẹ́yìn owó epo jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ní kó tún wá owó adójútòfò. Ẹ̀rù tó ń ba àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ni pé ọ̀gá kò ní mú un jáde nínú èrè rẹ̀, inú owó oṣù tàwọn ni yóò ti fọgbọ́n yọ ọ́. Ẹ̀rù yìí kò ṣàìnídìí.

Níbi tó bá ti kan àgbẹ̀, dandan kò lọ́wọ́ tí yóò fi dì í mú. Àgbẹ̀ kò ní ìwé owó oṣù tí wọ́n fẹ́ yọ nǹkan nínú rẹ̀, kì í sì í gba iṣẹ́ àgbàṣe lọ́wọ́ ìjọba. Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni iṣẹ́ yìí lọ́wọ́, torí pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ètò tirẹ̀, ní Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Ògùn, Oǹdó, Èkìtì àti Kwara. Ní Èkó, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú ti fi àṣẹ sọ ọ́ di dandan láti oṣù Keje ọdún 2024. Nígbà tí ètò Èkó, Ìlera Èkó, bẹ̀rẹ̀, 8,500 náírà lọ́dún ni ẹnì kan ń san, 40,000 náírà sì ni fún ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà. Owó náà ti lọ sókè lẹ́yìn náà.

Fún ẹni tó ń gba owó oṣù, irú owó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí apá kò ká. Ti àgbẹ̀ yàtọ̀. Àgbẹ̀ kòkó ń rí owó ńlá láàárín oṣù Kẹwàá sí oṣù Kìn-ín-ní. Nígbà yẹn, ara le, owó ilé-ìwé ti kù nílẹ̀, àna ti ń retí, òrùlé ń jò. Ta ló fẹ́ kó 40,000 sílẹ̀ fún àìsàn tí kò tíì rí? Ìgbà tí ibà bá wá dé nínú òjò oṣù Kẹfà, kòkó ò tíì gbó, owó ti tán. Bí wọ́n bá sì dúró di ìgbà tí àìsàn bá dé kí wọ́n tó forúkọ sílẹ̀, ètò náà kò ní lè dúró, nítorí pé bó bá jẹ́ àwọn aláìsàn nìkan ló ń wọ inú rẹ̀, àpò náà yóò gbẹ kíákíá. Ìdí pàtàkì tí wọ́n fi ní kó di dandan nìyí: kí ẹni tí ara rẹ̀ le máa gbé ẹni tí ara rẹ̀ kò le. Ẹ̀tọ́ ni. Ohun tó kù ni kí wọ́n lọ gba owó náà ní àsìkò tí àgbẹ̀ rí i, níbi tó ti máa ń san owó tẹ́lẹ̀, bíi ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ra kòkó, dípò kí wọ́n máa retí rẹ̀ ní ọ́fíìsì tó wà ní olú ìlú ìpínlẹ̀.

Àwọn àgbàlagbà ní ìdí tiwọn tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń bí wọn nínú. Wọ́n rántí pé ìwòsàn ọ̀fẹ́ wà nígbà kan. Ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn ń tọ́jú àwọn ọmọdé lọ́fẹ̀ẹ́. Láàárín ọdún 1979 sí 1983, ìwòsàn ọ̀fẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú ètò mẹ́rin tí ẹgbẹ́ UPN gbé lárugẹ, Lateef Jákàńdè ní Èkó, Bísí Ọnàbánjọ ní Ògùn, Bọ́lá Ìgè ní Ọ̀yọ́ àti Adékúnlé Ajásin ní Oǹdó sì ṣe é débi tí agbára wọn mọ. Ẹni tó bí ọmọ nígbà náà tí kò san kọ́bọ̀, tí wọ́n wá sọ fún lónìí pé kó máa san owó kí àìsàn tó dé, yóò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, ìjọba ológun dé, owó káàdì àti owó oògùn sì padà sí ilé ìwòsàn. Bẹ́ẹ̀, ìrònú nípa adójútòfò ti wà kí gbogbo èyí tó ṣẹlẹ̀. Ọdún 1962 ni Dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí, ọmọ Abẹ́òkúta tó jẹ́ mínísítà ìlera nígbà náà, ti gbé irú àbá bẹ́ẹ̀ síwájú, àmọ́ kò di òfin.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ètò yìí lè ṣiṣẹ́ ní ìgbèríko kò nílò láti lọ sí ìlú òyìnbó. Ó ti ṣẹlẹ̀ ní Kwara. Ní ọdún 2007, ilé-iṣẹ́ Hygeia bẹ̀rẹ̀ adójútòfò ìlera fún àwọn àgbẹ̀ ní Shonga, ó sì tàn dé ìjọba ìbílẹ̀ Asà lẹ́yìn náà. Owó àwọn ará Netherlands àti ti ìjọba Kwara ló gbé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ni àgbẹ̀ ń san. Wọ́n tún àwọn ilé ìwòsàn ṣe, wọ́n sì rí i pé oògùn wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi òfin halẹ̀ mọ́ wọn, àmọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn forúkọ sílẹ̀. Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ gbé jáde ní ọdún 2014 fi hàn pé ìfúnpá àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní àdúgbò tí ètò náà dé wálẹ̀ ju ti àwọn tó wà níbi tí kò dé lọ. Ní ọdún 2016, ètò náà dáwọ́ dúró, nígbà tí owó ìrànwọ́ náà kò sí mọ́. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn dúró de ti ìjọba ìpínlẹ̀.

Ọ̀nà tí Ghana gbà tún yàtọ̀. Láti ọdún 2003 tí wọ́n ti ṣe òfin tiwọn, kì í ṣe owó tí àgbẹ̀ ń san ni wọ́n gbójú lé. Ìdá méjì àti ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fi lé owó ọjà gẹ́gẹ́ bí owó orí fún adójútòfò, ìyẹn ló sì ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìnáwó náà. Ẹni tó ti pé ẹni àádọ́rin ọdún kì í san owó rárá, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí kò tíì pé méjìdínlógún àti aláboyún. Ètò tiwọn náà ní ìṣòro tirẹ̀, àwọn ilé ìwòsàn ibẹ̀ máa ń pariwo pé owó àwọn ń pẹ́. Síbẹ̀, arúgbó tó wà ní Kumasi mọ ibi tí òun dúró.

Nàìjíríà náà ní irú àpò bẹ́ẹ̀ lórí ìwé. Òfin ìlera ti ọdún 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa ya ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé sápò rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀, ìdajì rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ lọ sórí adójútòfò àwọn tí kò lówó. Ọdún 2018 ni owó náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́kọ́ wọ inú ìṣúná. Òfin 2022 wá dá àpò mìíràn sílẹ̀ fún àwọn aláìní, ó sì ka aláboyún, ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, arúgbó àti aláàbọ̀ ara mọ́ wọn. Nítorí náà, àgbàlagbà tí kò ní owó oṣù tàbí owó ìfẹ̀yìntì kì í ṣe ẹni tí wọ́n fẹ́ fi tipá gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó yẹ kí wọ́n máa sanwó fún ni. Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà ní wọ́ọ̀dù ni wọ́n ti ń lo àpò yìí, wọ́n sì ń béèrè nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN kí wọ́n tó kọ orúkọ ẹni sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kù sí nìyí. Ta ni yóò kọ orúkọ àwọn aláìní sínú ìwé? Bó bá jẹ́ káńsẹ́lọ̀, ṣé àwọn tó dìbò fún un nìkan kọ́ ni yóò kọ? Arúgbó tí ìka ọwọ́ rẹ̀ ti fá nítorí iṣẹ́ oko, tí ẹ̀rọ NIN kò rí kà, báwo ni tirẹ̀ yóò ti rí? Wọn kò nílò òfin mìíràn láti Abuja láti dáhùn ìwọ̀nyí. Ní àwọn wọ́ọ̀dù kan, wọ́n ti ń pe baálẹ̀, ìyálọ́jà, pásítọ̀ àti lèmọ́mù jókòó pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn láti yẹ orúkọ wò kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Níbi tí wọn kò bá tíì pe irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, àwọn ará wọ́ọ̀dù lè béèrè fún un lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn wọn, kí wọ́n sì béèrè oògùn tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà.